Lẹ́tà sí bàbá mi tó kà wá, tó ní a pé

Bàbá mi,

Ààrá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún sán ni. Mo ti wo aago, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà lọ́tun. Ìṣẹ́jú 30 la gbọ́dọ̀ fi dúró lẹ́yìn ààrá tó bá sán kẹ́yìn kí ọmọ kankan tó padà sínú àgọ́, bí òmíràn bá sì dún kó tó pé, ìbẹ̀rẹ̀ la tún padà sí. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lálẹ́ òní. Inú gbọ̀ngàn kámpù ni gbogbo wa wà. Àwọn kan ti fi àpò ẹrù ṣe ìrọ̀rí, wọ́n ti sùn lọ. Àwọn kan kóra jọ sídìí fèrèsé, tí mànàmáná bá ti kọ, wọ́n á máa kà sókè títí ààrá á fi dún, torí mo sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta mẹ́ta ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tiyín, inú àgọ́ la máa ń sá wọ̀ tí òjò bá ti ń kù. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín pé aṣọ àti ọ̀pá irin kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ mànàmáná. Àdúrà lẹ máa ń gbà lé wa lórí. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yín níbi tẹ́ ẹ ti ń gbà á.

N kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Nígbà tẹ́ ẹ wà láyé, èèyàn á sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin á ní, "Ó ti yé mi," ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bóyá ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyí, nígbà tẹ́ ò lè sọ pé ó ti yé yín mọ́.

Ìwé yín ló fà á. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ la tó lè ṣí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Màmá ní ká kó àwọn ìwé ìjọ sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé kékeré ẹlẹ́yìn dúdú tẹ́ ẹ máa ń kì bọ àpò àyà tẹ́ ẹ bá ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí kámpù. Ọdún kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tirẹ̀. Mo ṣí i títí mo fi kan ọdún tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 11. Orúkọ 31 ló wà níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo tún fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀.

Àwọn ohun tẹ́ ẹ kọ síwájú orúkọ àwọn yòókù ni n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ọmọkùnrin kan: ikọ́ fée, oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Òmíràn: ó ń bẹ̀rù òkùnkùn, kó sùn sí ẹ̀bá ẹnu àgọ́. Òmíràn: ó máa ń tọ̀ sórí ẹní, kí n jí i ní aago méjì òru, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ọmọdébìnrin kan: ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí n máa pè é lórúkọ.

Kí ẹ máa pè é lórúkọ. Bàbá mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá yín pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́, Màmá sì rò pé ikú yín ni mò ń sunkún lé lórí.

Ẹ rántí kámpù yẹn, n kò ní máa ròyìn rẹ̀ fún yín bí ẹni pé ẹ ò sí níbẹ̀. Okùn àgọ́ tó já lóru àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó fẹsẹ̀ rọ́, tẹ́ ẹ pọ̀n láti etí odò dé ibùdó láìsinmi. Ìtàn William Alexander Smith, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tó dá Boys' Brigade sílẹ̀ ní Glasgow ní 1883, tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí kámpù àkọ́kọ́ ní 1886. Ẹ fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n rántí yín nìyẹn, bí olùkọ́ tó mú àwọn ọmọ ọlọ́mọ jáde, tó sì kó gbogbo wọn padà wálé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Korobá ni mo gbàgbé sí etí odò. Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹni tó bá gbàgbé nǹkan padà lọ mú un. Mo padà lọ. Nígbà tí mo máa fi rí i, ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀nà sì ti dàrú mọ́ mi lójú. Mo rìn síbí, mo rìn sọ́hùn-ún, gbogbo igi jọ ara wọn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ fèrè yín. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kà wá. Atẹ́gùn ń gbé ohùn yín bọ̀ wá bá mi kedere, ẹ ń fọwọ́ kan orí wọn níkọ̀ọ̀kan bí ìṣe yín, ẹ ń kà. Ọ̀kandínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n. Ọ̀kanlélọ́gbọ̀n.

Ẹ ní, "Ó pé."

Mo ti la ẹnu láti pariwo. Nígbà tẹ́ ẹ ní ó pé, mo pa á dé. Bàbá mi ló kà, bàbá mi ló ní ó pé; ta ni mí tí màá fi ní kò pé? Mo jókòó ti igi kan, mo gbé korobá lé itan. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá ka nǹkan lójú mi tó ní ó pé, yálà owó ni tàbí àga, àyà mi á já.

Ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ nísinsìnyí nìyí: bí o bá sọnù, dúró sójú kan. Má máa rìn kiri, torí ẹni tó bá dúró ló máa ń rọrùn láti rí. Fa igi kan mọ́ra, kó jẹ́ ẹnìkejì rẹ. Má jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ilẹ̀ tútù a máa fa ooru ara jáde; wá ewé gbígbẹ tàbí àpò rẹ tẹ́ sílẹ̀. Fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, sinmi, tún fun ún lẹ́ẹ̀mẹta. Àná ni mo kọ́ wọn, tí mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ sì há mi lọ́nà ọ̀fun. Gbogbo ìmọ̀ràn yẹn dúró lórí pé ẹnìkan ti mọ̀ pé ọmọ náà kò sí, pé ẹnìkan ti ń wá a.

Kò sẹ́ni tó ń wá mi. Ìyá tó ń dáná fún wa ló rí i pé oúnjẹ abọ́ kan ṣẹ́kù. Òun kò ní rẹ́jísítà, abọ́ ló fi ń ka ọmọ, abọ́ ọmọ 32 ló sì bù. Òun ló wá bá yín pé, "Ọmọ yín dà?"

Ẹ dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. N kò rí ojú yín, ìmọ́lẹ̀ náà ni mo rí. Ẹ ní, "Níbo lo lọ?" Mo gbé korobá sókè. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ yíjú padà, ẹ ń lọ níwájú. Ẹ ò dì mí lọ́wọ́ mú. Ìyá tó ń dáná ló dì mí lọ́wọ́ mú dé àgọ́. Nígbà tó di àárọ̀, ẹ ní kí n dìde láàárín ẹgbẹ́ mi, kí wọ́n rí ẹni tí kì í gbọ́ràn. Èmi tí mo ṣe ohun tẹ́ ẹ ní ká ṣe.

Mo mọ̀ pé wákàtí kan péré ni. Kò sí ẹranko tó yọjú sí mi, òtútù pàápàá kò mú mi. Ẹ sanwó ilé-ìwé mi títí mo fi parí. Ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn láti alẹ́ mọ́júmọ́ nígbà tí mo ń rọbí. N kò gbàgbé ìkankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni mo ní n kò lọ sí kámpù mọ́, ẹ sì ní, "Ó ti yé mi." Kí ló yé yín? Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti fẹ́ bi yín.

Bí orúkọ mi ṣe fò yín, èmi ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Inú fọ́ọ̀mù táwọn òbí bá fọwọ́ sí la ti máa ń da orúkọ kọ sínú rẹ́jísítà. Òbí tó jẹ́ olórí kámpù kì í kọ fọ́ọ̀mù fún ọmọ tirẹ̀. Ta ló fẹ́ fún? Ọwọ́ rẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo kó fọ́ọ̀mù 27 jọ, mo tò ó, mo da orúkọ kọ, mo ti ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ti parí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ ló wò ó tó ní, "Mọ́mì, fọ́ọ̀mù ti ọmọ yín dà?"

Ara mi bù máṣọ. Ìwé yín wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà.

Mo jókòó kọ ọ́. Orúkọ. Ọdún 14. Oògùn: kò sí. Ẹni tí a lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀: mo kọ nọ́ńbà ara mi, mo pa á rẹ́, torí èmi náà á ti wà ní kámpù. Bàbá rẹ̀ ló kàn, bàbá rẹ̀ kì í sì í gbé ìpè wa mọ́ láti ìgbà tó ti kó jáde. Ẹ ò mọ̀ ọ́n tẹ́ ẹ fi lọ. Mo ní kí Màmá má sọ fún yín, nítorí àìsàn yín. Nọ́ńbà Màmá ni mo padà kọ síbẹ̀.

Ìlà tó tẹ̀ lé e ni: kí ló máa ń ba ọmọ yín lẹ́rù?

Mo di bírò mú títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Mo mọ̀ nípa àwọn 27 yòókù. Mo mọ ẹni tí kò lè rí ẹ̀jẹ̀, mo mọ ẹni tí omi ń bà lẹ́rù. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo bi í. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ kọ pé kò sí." N kò kọ nǹkan kan. Ìlà yẹn ṣì ṣófo títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti lọ, ohun tó bá fẹ́ gbà nìkan ló ń bá mi sọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti bá a wí, mo ti gbà á láàyè kó má sọ̀rọ̀. Mo rò pé kámpù á dá wa padà síbì kan. Nígbà tí à ń wọ gbọ̀ngàn lálẹ́ yìí, mo pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan, n kò ka orí. Tirẹ̀ ni mo pè kẹ́yìn. Ó ní, "Mo wà níbí, mà." Mà, bí àwọn yòókù ṣe ń pè mí. Bí èmi náà ṣe pè yín ní "sà" ní gbogbo ọjọ́ tó kù ní kámpù yẹn. Ṣé ẹ gbọ́ ọ nígbà náà?

Èmi ni mo máa kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ àárọ̀ ọ̀la. Lúùkù orí kejì ni, ibi tí Jésù ti jẹ́ ọmọ ọdún 12, táwọn òbí rẹ̀ ń padà bọ̀ láti Jerúsálẹ́mù. Wọ́n rò pé ó wà láàárín èrò. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n rìn kí wọ́n tó mọ̀. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ló gbà kí wọ́n tó rí i, nígbà tí wọ́n sì rí i, ìbéèrè ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀, bíi tiyín. Mo ti kà á títí, mo ń wá ibi tí mo ti lè dárí jì yín nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màríà sọ ọ́ jáde, Bàbá mi. Ó sọ fún ọmọ náà pé pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni àwọn fi ń wá a kiri. Ẹ̀yin ò sọ. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, kódà lórí ibùsùn àìsàn yín, ǹ bá ti ju korobá yẹn nù.

Ìṣẹ́jú 26. Ọmọ mi wà ní ìkángun gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún, òun pẹ̀lú ọmọdébìnrin kan tó kéré sí i. Mo ti rò pé ọmọ náà ni ẹ̀rù ń bà, pé tèmi ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo ti ń wò wọ́n láti ìgbà tí mo ti mú bírò. Ọmọ kékeré ló na ọwọ́. Tèmi ló di ọwọ́ náà mú, tó di ojú pọ̀.

Láti ìgbà wo? Ọdún mélòó ni òjò ti ń rọ̀ nínú ilé wa tí n kò mọ̀? Mo sì jókòó síbí, mò ń rò ó pé bí mo bá dìde lọ bá a, àwọn yòókù á rí i pé ọmọ mi ni, wọ́n á ní mò ń ṣe ojúsàájú. Ṣé ohun tẹ́ ẹ rò nígbà yẹn nìyí, tẹ́ ẹ fi yíjú padà tẹ́ ẹ gbé korobá? Ṣé ohun tó ṣe yín nìyí?

Mànàmáná tún kọ. Kí ààrá tó dún, ẹ jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.