Lẹ́tà sí Àlàní lórí Picasa tó kọ̀ tí kò ṣí

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn,
9 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Àlàní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó àti àwọn ọmọ wà? Bá mi kí Màmá rẹ. Mo gbọ́ pé wọ́n ti gúnlẹ̀ sí Houston láyọ̀, àti pé ọ̀dọ̀ yín ni wọn yóò wà títí ọdún tuntun. Mo ní iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ rán sí wọn nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí, jọ̀wọ́ má fò ó.

Ọjọ́ tí o kọ̀wé pé Picasa, ètò tí a fi ń to fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, kò ṣí mọ́ lórí Mac rẹ, tí o ń bi mí bóyá tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí tèmi náà ti kọ̀ tí kò ṣí. Ìdí tí mi ò fi fèsì nìyẹn. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ó ti ṣí báyìí, mo sì fẹ́ ro gbogbo rẹ̀ fún ọ, torí ọ̀rọ̀ náà kan ìwọ pẹ̀lú.

Ìwọ lo fi Picasa sórí kọ̀ǹpútà mi nígbà tí a jọ jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní 2009, ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ojú èèyàn mọ̀. Ohun tí o lè má mọ̀ ni ohun tí èmi àti Màmá mi fi í ṣe ní 2011. Mo ti gbé gbogbo fọ́tò tí Bàbá mi yà ní ṣọ́ọ̀bù Ìtòkò sórí kọ̀ǹpútà, ó lé ní irínwó. Lálaalẹ́, tí a bá ti jẹun tán, Màmá á fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Picasa á gé ojú kọ̀ọ̀kan jáde nínú fọ́tò, á tò wọ́n, á máa bèèrè ta nìyí. Màmá á bọ́ jígí wọn, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún un wọ̀. “Ìyá Alákàrà nìyẹn. Èyí tó di aṣọ rẹ̀ mú yẹn, Ìdòwú rẹ̀ ni, òun ni wọ́n bí lé àwọn ìbejì.” Èmi á tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún nǹkan bí oṣù méjì. Màmá mi papòdà ní 2019, kò sì sẹ́ni tó kù nínú ilé wa tó lè nàka sí ìdajì àwọn èèyàn yẹn kó dárúkọ wọn.

Nítorí náà, fọ́tò kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Àwọn orúkọ yẹn ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Mo ń kó fídíò láti inú fóònù mi sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí iná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti kú tipẹ́, bí iná ṣe lọ lòun náà kú. Nígbà tí iná dé, mo tẹ Picasa lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ yọ bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ, ó sì parẹ́. Mo tún un tẹ̀, bákan náà ni. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án padà, kò yí padà. Mo ṣí Task Manager, níbi tí Windows ti ń fi àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ hàn, mo bá Picasa3.exe tó jókòó síbẹ̀ láìfarahàn. Mo dá a dúró, torí bí ọ̀kan bá ti wà lábẹ́lẹ̀ báyẹn, òmíràn kì í ṣí. Ìyẹn náà ò mú un ṣí.

Ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó wò ó fìrí, ó ní nǹkan tí Google ti pa tì láti 2016 ni mò ń lò, kí òun bá mi yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí òun sì kúkú fọ kọ̀ǹpútà náà. Òótọ́ ni apá àkọ́kọ́. Google tó ra Picasa ní 2004 kéde ní Oṣù Kejì 2016 pé àwọn ò ní bójú tó o mọ́, ọjọ́ 15 Oṣù Kẹta ọdún yẹn ló sì dópin. Mi ò bínú sí wọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi fún wa, a sì jẹ ẹ́ gbádùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má tún nǹkan ṣe mọ́ yàtọ̀ sí kó kú. Lórí Windows, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní bí nǹkan kan ò bá bàjẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì yọ ọ́ kúrò, Picasa á bi í bóyá kó pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú. Ọwọ́ tó ń kánjú á tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo gba kọ̀ǹpútà mi, mo gbé e relé.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá jókòó tì í dáadáa. Picasa kì í gbé fọ́tò mì, Àlàní. Fọ́tò wà nínú fódà tí o fi í sí, Picasa kàn ń ka ibẹ̀ ni, ó sì ń ṣe àkọsílẹ̀ tirẹ̀ síbòmíràn. Mo ṣí fódà Ìtòkò: gbogbo wọn pé. Mo wá ní kí Windows fi àwọn fáìlì tó fara pamọ́ hàn mí, mo sì rí ọ̀kan tó ń jẹ́ .picasa.ini. Mo fi Notepad ṣí i. Lábẹ́ orúkọ fáìlì fọ́tò kọ̀ọ̀kan, mo rí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú faces=rect64, lẹ́yìn náà lẹ́tà àti nọ́ńbà wúruwùru. Ibi tí ojú wà nínú fọ́tò ni ti àkọ́kọ́, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni náà ló tẹ̀ lé e. Orúkọ gan-an ńkọ́? Mo tẹ Windows àti R pọ̀, mo kọ %localappdata%, mo wọ Google, mo wọ Picasa2, mo wọ contacts. Fáìlì kan ló wà níbẹ̀, contacts.xml. Mo ṣí i.

“Iya Alakara.” “Idowu Iya Alakara.” “Baba Elemu Itoko.” “Sisi Eko ti o fe Buroda Laide.” Láìsí àmì ohùn kankan, bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kánkán kí Màmá tó bọ́ sórí ojú mìíràn. Mo fọwọ́ sójú kọ̀ǹpútà, mo ń kà wọ́n lọ sókè, lọ sísàlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Màmá mi nínú gbogbo rẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, mo da Picasa2 àti Picasa2Albums tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ sórí fíláàṣì méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, fódà db3 tó wà nínú Picasa2, níbi tí àkọsílẹ̀ náà wà, mo yí orúkọ rẹ̀ padà sí db3-atijo. N kò pa á rẹ́ o. Mo tẹ Picasa. Ó ṣí! Ó rò pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí kọ̀ǹpútà náà ni, ó ń bi mí fódà wo ni kí òun kà. Ó kà dé ìdajì, ó tún kú mọ́ mi lọ́wọ́. Orí fódà àwọn fídíò ló kú sí, nítorí ọ̀kan nínú wọn ló wà lẹ́nu kíkó nígbà tí iná lọ, ìdajì rẹ̀ ni kò wọlé. Mo gbé ìdajì fídíò yẹn jáde, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó kà á títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo jí, àwọn ojú ti ń padà sábẹ́ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo wá lọ sí Options, apá Name Tags, mo fàmì sí “Store name tags in photo” kí orúkọ tuntun lè máa wọ inú fọ́tò fúnra rẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ bójú tó ti àtijọ́. Ohun tó bá wà nínú fọ́tò báyẹn, áàpù mìíràn lè kà á. digiKam, ètò fọ́tò mìíràn, ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ka orúkọ àwọn tí mo ti ṣe.

Tìrẹ yàtọ̀. Má fi àkókò ṣòfò lórí db3. 32-bit, irú ètò àtijọ́, ni Picasa ti Mac, Catalina tó jáde ní 2019 sì ni macOS (ètò tó ń darí Mac) àkọ́kọ́ tó kọ irú rẹ̀ pátápátá. Kò sí àtúnṣe tó lè mú un ṣí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ ṣì wà nínú Pictures, àkọsílẹ̀ rẹ sì yẹ kó wà nínú Library, Application Support, Google, Picasa3. Da gbogbo rẹ̀ kọ sórí fíláàṣì lónìí, kí o tó ṣe ohunkóhun. Ṣé Mac àtijọ́ tó ní ojú fífọ́ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ yín? Bó ṣì bá ń tàn, tí o kò sì tíì fi Catalina sí i, Picasa á ṣí níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán sí Màmá rẹ rèé. Ojú mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù tí Màmá mi ò dárúkọ wọn. Nínú ọ̀kan, Bàbá rẹ di kẹ̀kẹ́ mú níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan tó wọ dàńṣíkí sì gbé ọwọ́ lé èjìká wọn. Mò ń fi mọ́kànlá náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi document, kì í ṣe bíi fọ́tò, kó má baà fún wọn pọ̀ kó sì já orúkọ tó ti wà lára wọn dànù. Ṣí wọn sórí kọ̀ǹpútà ńlá fún Màmá rẹ, ní ọ̀sán tí ojú wọn ríran dáadáa. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fóònù rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Àkànní.