Lẹ́tà sí Dúró lórí owó bọ́ọ̀lù tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́

Kábà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Dúró ọ̀rẹ́ mi,

Òkun o. O kú òtútù, o kú iṣẹ́. Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tó wà ní Kánádà ti dáwó jọ fún ikọ̀ bọ́ọ̀lù ilé ìwé wa, ẹ fẹ́ fi ra jẹ́sì àti ife ẹ̀yẹ ńlá kan, o sì ní kí n sọ ojú abẹ níkòó. Ó dáa. Ẹ má ra jẹ́sì. Ẹ má sì ra ife.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń yan àwọ̀ láàrin yín. Bá mi bẹ̀ ẹ́.

Wo bó ṣe rí. Ilé ìwé tó ní 400 ọmọ, tó wá ní ikọ̀ kan ṣoṣo, ọmọ 18 péré ló ń ṣeré ìdárayá níbẹ̀. Àwọn 382 tó kù, ìran ni wọ́n ń wò. Nínú àwọn 18 yẹn, ọmọ SS 2 ló máa ń pọ̀ jù, torí àwọn ló ga, àwọn ló lágbára. Tó bá di ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n á bọ́ sí SS 3, ìdánwò WAEC á gba eré lọ́wọ́ wọn, ikọ̀ á tú. Àwọn ọmọ JSS tó yẹ kó rọ́pò wọn kò mọ nǹkan kan. Iṣẹ́ tiwọn létí pápá ni kí wọ́n máa sáré lọ mú bọ́ọ̀lù nínú igbó káṣú. Bí ìwé ìdíje bá wá dé lójijì, kí ni tíṣà á ṣe? Á lọ yá ọmọ. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó ti parí ìwé mẹ́wàá tipẹ́ á wọ yunifọ́ọ̀mù, wọ́n á fún un lórúkọ ọmọ SS 1. Mẹ́síínárì ni wọ́n ń pe irú wọn. Àwọn èèyàn máa ń bú tíṣà tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n bú u, ṣùgbọ́n ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni pé kò sí ọmọ kékeré kankan tí wọ́n fi eré tọ́ dàgbà.

Tún wo ìdánrawò ọjọ́ kan. Bọ́ọ̀lù kan, ọmọ 22, ìṣẹ́jú 40. Ká tiẹ̀ ní wọ́n pín in dọ́gba, bọ́ọ̀lù kò ní pé ìṣẹ́jú méjì lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Wọn kì í sì í pín in dọ́gba. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ pé eré ẹlẹ́gbẹ́ ń ṣe fún ọmọ ilé ìwé, pé ó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́ra ẹni yé, pé ó ń jẹ́ kó wù ú láti wá sílé ìwé, ẹni tó wọ pápá ló ń ṣe é fún. Kì í ṣe é fún ẹni tó ń pàtẹ́wọ́.

Torí náà, líìgì kékeré láàrin ilé ìwé ni kí owó yín ṣe, ọmọ méje sí méje. Ikọ̀ mẹ́fà, ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá: ọgọ́ta ọmọ nìyẹn, lórí pápá kan náà tí ọmọ 22 ń lò. Kí JSS ní tiwọn, kí SS ní tiwọn. Kí tíṣà sì wo ara ọmọ, kó má wo kíláàsì nìkan, nítorí ọmọ ọdún 15 wà ní JSS 2 níhìn-ín, tó bá kọlu ọmọ ọdún 11, eegun lè ṣẹ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn kápútéènì dúró síwájú kí wọ́n máa mú ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá mú kẹ́yìn kò ní wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí tíṣà jókòó, kó to orúkọ wọn láti orí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù, kó pín ẹni kìíní sí ẹni kẹfà fún ikọ̀ A dé F, kó wá pín ẹni keje sí ìkejìlá láti F padà sí A, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí. Agbára wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Pápá tó gùn ní mítà 100, tó fẹ̀ ní mítà 60, ẹ dábùú ẹ̀ sí méjì: pápá kékeré kan ní ìpẹ̀kun yìí, ìkan ní ìpẹ̀kun ọ̀hún, mítà 60 ní gígùn, mítà 40 ní fífẹ̀, ogún mítà á kù láàrin fún àwọn tó ń dúró. Òpó gólì á wà létí pápá ńlá, mítà mẹ́rin láti òpó sí òpó, mítà méjì sókè. Igi tíìkì tàbí mèlínà ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má lo ọparun, torí ọparun máa ń là tó bá gbẹ. Kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ tó 70 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n fi epo ẹ́ńjìnì tó ti dúdú kun apá tó wọlẹ̀ nítorí ikán. Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín máa ní kí ẹ ra òpó onírin tí wọ́n ń gbé kiri. Ẹ má gbà. Àwọn ọmọ máa ń rọ̀ mọ́ ọ̀pá òkè rẹ̀, ó máa ń ṣubú lù wọ́n, ó sì ti pa ọmọ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ikọ̀ mẹ́fà, bí ìkọ̀ọ̀kan bá pàdé gbogbo àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kan, eré 15 ni. Bí wọ́n ṣe ń tò ó kò le: fi ikọ̀ 1 síbi kan, má yí i, kí àwọn márùn-ún yòókù máa yí po. Ọ̀sẹ̀ kìíní, 1 pàdé 6, 2 pàdé 5, 3 pàdé 4. Ọ̀sẹ̀ kejì, 1 pàdé 5, 6 pàdé 4, 2 pàdé 3. Ọ̀sẹ̀ kẹta, 1 pàdé 4, 5 pàdé 3, 6 pàdé 2. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, 1 pàdé 3, 4 pàdé 2, 5 pàdé 6. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, 1 pàdé 2, 3 pàdé 6, 4 pàdé 5. Ó parí. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta sáà, ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n á ṣe é tán, ìdánwò ò tíì dé.

Abala méjì, ìṣẹ́jú 15 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún. Ikọ̀ mẹ́rin á kọ́kọ́ gbá a lórí pápá méjèèjì. Àwọn méjì tó ń dúró ló máa fún wọn ní rẹfirí, ẹni tó ń na àsíá létí pápá, àti akọ̀wé tó ń kọ góòlù sílẹ̀. Níbí yìí ni ọmọ tí kò lè sáré ti ń ríṣẹ́. Ẹni tó ń fun fèrè ní JSS 3 máa ń mọ òfin ju ọ̀pọ̀ àgbà tó ń pariwo níwájú tẹlifíṣàn lọ.

Òfin kan wà tí wọn kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lójú: gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ gbá abala kan, ó kéré tán. Ọmọ méje lórí pápá, abala méjì, ààyè 14 nìyẹn. Ọmọ mẹ́wàá á gba mẹ́wàá, mẹ́rin tó kù ni tíṣà lè fún àwọn tó mọ̀ ọ́n jù, àti aṣọ́lé. Ikọ̀ tó bá rú u, kí wọ́n yọ ojúàmì rẹ̀ kúrò. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn méje kan náà lẹ máa bá lórí pápá lọ́sẹ̀ kejì, ìran wíwò tún bẹ̀rẹ̀.

Inú wákàtí ilé ìwé gan-an ni kí ó wà, wákàtí méjì ìparí Ọjọ́rú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sí ìrọ̀lẹ́. Láti Bùnú títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ọmọ tí kì í gbé ní ilé ìwé, oko tàbí ọjà ló ń lọ lẹ́yìn àago ìparí, òmíràn sì jìnnà sílé. Eré tí wọ́n fi sí agogo mẹ́rin ààbọ̀, ọmọ tí ilé rẹ̀ sún mọ́ tòsí ló wà fún.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ẹ ò mẹ́nu kàn wọ́n rárá nínú lẹ́tà yín. Kí àwọn náà gbá bọ́ọ̀lù bó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n fọ́líbọ́ọ̀lù ni mo máa kọ́kọ́ náwó sí, nítorí kò gba ilẹ̀ púpọ̀, kò sì sí ìkọlura. Inú sáà kejì ló dáa jù: òjò ti lọ, ilẹ̀ pápá ńlá ti le gbandi, ẹni tó bá ṣubú á bó. Kí wọ́n gbé kóòtù sí ẹ̀yìn kíláàsì níbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò ti ní máa gbé bọ́ọ̀lù kiri.

Mítà 18 ní gígùn, mítà 9 ní fífẹ̀. Ohun tó máa ń bàjẹ́ nibẹ̀ ni igun. Wọ́n á fojú wọ̀n ọ́n, kóòtù á wọ́. Kan èèkàn mẹ́rin, so okùn mọ́ wọn, kí o wá wọn láti igun sí igun tó kọjú sí i. Mítà 20 àti sẹ̀ǹtímítà 12 ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ìhà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gùn ju ìkejì lọ, sún èèkàn títí wọ́n á fi dọ́gba. Eérú tàbí ẹfun ni kí wọ́n fi falà. Kí wọ́n má lo láìmù àwọn bíríkìlà, ó ń jó awọ, ó sì ń ba ojú jẹ́. Òpó méjèèjì á dúró sí ìta ìlà, mítà kan sí i. Igi mítà 3 àti 30 sẹ̀ǹtímítà ni kí wọ́n gé, kí 75 sẹ̀ǹtímítà wọlẹ̀. Àwọ̀n àwọn obìnrin, mítà 2 àti 24 sẹ̀ǹtímítà ni gíga rẹ̀. Ti ọkùnrin, mítà 2 àti 43. Àárín ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Fún JSS, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí mítà méjì, torí bí ọmọ kò bá lè gbé sáfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, kọjá àwọ̀n, á sú u. Okùn lásán máa ń fà tó bá yá, àwọ̀n á rọ̀ láàrin. Wáyà tín-ín-rín ni kí wọ́n kì sínú etí òkè rẹ̀, kí wọ́n sì fi okùn fa òpó kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn mọ́ èèkàn.

Àwọn òbí kan kò fẹ́ ṣòkòtò péńpé. Kí wọ́n wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹni tó ń lo híjàábù lò ó, kò dí eré lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù àgbáyé pàápàá ti fọwọ́ sí ìbòrí láti ọdún 2014.

Ó wá kan bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ yangí la ní. Bọ́ọ̀lù olówó ńlá tí wọ́n fi ọwọ́ rán, yangí á gé òwú rẹ̀ láàrin sáà kan. Ẹ ra onírọ́bà fún ìdánrawò, ẹ ra méjì péré tó dáa fún ọjọ́ ìdíje. Nọ́ńbà 5 fún SS, nọ́ńbà 4 fún JSS. Nọ́ńbà 5 wúwo fún ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 11. Bọ́ọ̀lù kan sí ọmọ mẹ́rin ló dáa fún ìdánrawò. Ohun tó ń pa bọ́ọ̀lù níhìn-ín, abẹ́rẹ́ gbígbẹ ni. Wọ́n á ti abẹ́rẹ́ páǹpù bọ inú rẹ̀ láìfi nǹkan kan rin ín, á ya ihò àtẹ́gùn, wọ́n á ní bọ́ọ̀lù náà kò dáa. Itọ́ díẹ̀ ti tó. Kí wọ́n má sì fẹ́ ẹ le koko ní àárọ̀ kí wọ́n wá fi í sínú oòrùn, atẹ́gùn inú rẹ̀ á wú.

Dípò jẹ́sì, síńgílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wọ̀ lé aṣọ ni kí ẹ rán, àwọ̀ mẹ́fà, méje méje. Télọ̀ Kábà lè rán gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì kàn lè wọ̀ ọ́. Jẹ́sì tó ní orúkọ lẹ́yìn, ẹni tó bá jáde ilé ìwé á gbé e lọ.

Omi: àpò píọ́-wọ́tà kan, ọ̀rá ogún ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà àpò mẹ́ta ló máa kárí ọgọ́ta ọmọ, ọ̀rá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS (àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, kì í ṣe kíláàsì SS), kí wọ́n má lé e kúrò. Kí ó máa mu omi léraléra, kí ó máa sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, kí ó má jáde nínú ọyẹ́ òwúrọ̀. Ọmọ tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ mú ìnhélà rẹ̀, òògùn tó ń fà sẹ́nu, wá sí etí pápá. Ẹsẹ̀ tó bá rọ́, omi gbígbóná àti róòbù ni gbogbo ayé ń sáré sí, kí wọ́n sì wá máa fà á. Yóò túbọ̀ wú. Píọ́-wọ́tà tó ti dì ni kí wọ́n fi aṣọ wé, kí wọ́n gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹsẹ̀ wà lókè. Ẹni tó bá forí gbá, tí òòyì sì kọ́ ọ tàbí tó bì, eré tirẹ̀ ti parí lọ́jọ́ yẹn, ọsibítù ló kàn. Bí àrá bá sán, kí gbogbo wọn wọlé, kí ìṣẹ́jú 30 sì kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn kí wọ́n tó padà.

Àwọn bàbá kan á ní bọ́ọ̀lù ń ba ìwé jẹ́, pírínsípà á sì fẹ́ fi eré jẹ ọmọ níyà: o fìdí rẹmi nínú ìṣirò, má wá ní Ọjọ́rú. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó ń fìdí rẹmi ni Ọjọ́rú máa ń mú wá sílé ìwé jù. Kí ó mú iṣẹ́ amúrelé rẹ̀ wá kí akọ̀wé tó fún un ní síńgílẹ́ẹ̀tì, ìyẹn tó.

Bí ẹ bá pín owó yín sí mẹ́wàá, ẹ ná mẹ́rin sórí bọ́ọ̀lù, méjì sórí òpó àti àwọ̀n, ọ̀kan sórí síńgílẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan sórí omi àti àpótí ìtọ́jú. Méjì tó kù, ẹ fi pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀, torí bọ́ọ̀lù á bàjẹ́. Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ pírínsípà ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni, tí kì í sì í wá ní Ọjọ́rú, inú sítọ́ọ̀ ni gbogbo nǹkan náà máa gbó sí. Kí wọ́n fún tíṣà eré àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n á máa fọwọ́ sí.

Bá mi kí gbogbo ilé. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ń bọ̀ nílé fún Kérésì, fi abẹ́rẹ́ páǹpù méjìlá sínú báàgì rẹ̀. Kò wúwo, a kì í sì í rí èyí tó dáa rà níhìn-ín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ṣẹ́gun