Ìrántí: Páànù ilé màmá wa ní Sátidé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Sátidé yìí la ó lọ kan páànù ilé màmá wa opó ní Kúdẹtì. Aago 7 àárọ̀ ni ká pàdé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ní òòlù tàbí àkàbà, kó gbé e wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ti fi gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí, a ò sì ní dákẹ́. Opó inú Lúùkù 18, tó ń lọ bá adájọ́ léraléra, ò dákẹ́. Ṣùgbọ́n abọ́ tí màmá gbé sórí bẹ́ẹ̀dì ṣì ń kún fún òjò. (Òjò Ìbàdàn, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.) Páànù mẹ́fà ló kù tí a ò tíì rí, Ọlọ́run á pèsè, a ò ní torí ẹ̀ yẹ ọjọ́.

Ẹni tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, kó fèsì lálẹ́ yìí.

Akọ̀wé yín