Lẹ́tà sí Bísí: ẹ má tíì ta ilẹ̀

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé Màmá ń rí oorun sùn báyìí? Látìgbà tí o ti sọ pé ẹ̀yìn tí a rò pé àgbà ló ń dùn wọ́n ni jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun, ọkàn mi ò balẹ̀.

Nípa oògùn “nano” tí Bùrọ̀dá Táyọ̀ ní kí ẹ torí ẹ̀ ta ilẹ̀ Bàbá: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á. Ní Manchester níbí, èmi gan-an ni mo máa ń po oògùn náà. Caelyx la ń pè é, Doxil ni l'Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe oògùn tuntun. Doxorubicin ni, oògùn kẹ́mò àtijọ́ tó pupa bíi zobo, tó sì máa ń ba ọkàn jẹ́ tó bá pọ̀ jù lára. Wọ́n kàn fi ọ̀rá dì í ni, bí a ṣe ń fi ewé di ẹ̀kọ. Ìdì kan kò ju nǹkan bí 100 nánómítà lọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ fẹ̀ tó 7,000 nánómítà. Wọ́n tún da nǹkan bo ọ̀rá náà kí àwọn ọmọ ogun ara má baà tètè gbé e mì. Ó ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ yọ ọkàn lẹ́nu. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló wá ń jẹ ìyà rẹ̀: wọ́n á pọ́n, wọ́n á máa bó.

Ní 2007, Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n lò ó pẹ̀lú bortezomib, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, fún irú àìsàn Màmá. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi 646 aláìsàn ṣe, àwọn tó gba bortezomib nìkan lo oṣù 6.5 kí àìsàn tó tún gbérí. Àwọn tó gba méjèèjì lo oṣù 9.3. Mo yọ̀ nígbà tí mo kà á. Àmọ́ wọ́n tọ́pasẹ̀ wọn ju ọdún mẹ́jọ lọ, ẹ̀mí àwọn tó gba méjèèjì kò fi ìyàtọ̀ gidi gùn ju ti àwọn yòókù. Ṣé o wá rí i? Ilẹ̀ Bàbá kọ́ ló yẹ kó bá a lọ.

Bi dókítà bóyá ẹ lè rí bortezomib, lenalidomide àti dexamethasone. Kí Màmá sì jáwọ́ nínú ibuprofen àti diclofenac lónìí, nítorí kíndìnrín wọn.

Ya fọ́tò èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí mi. Màá pè yín lọ́jọ́ Sunday. Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé mi ò tíì rí ẹ̀kọ tó tó tiwọn níbí.

Èmi ni,
Dúpẹ́