Kí o tó san ìyókù owó ilẹ̀ yẹn

Kábà,
Ọjọ́ Àìkú, oṣù kẹrin.

Fúnkẹ́ mi,

Okun o. Okun òtútù Kánádà, okun iṣẹ́ òru. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo tún fà á ya. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí ìwọ kì í jẹ́ kéèyàn parí gbólóhùn kó o tó máa pariwo.

Mo ti lọ wo ibi tó o rán mi o. Òru méjì gbáko ni mo sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá odò yẹn ní Lọ́kọ́jà, nínú ìsinmi Àjíǹde. Owó tó o fi ránṣẹ́ tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Mo fi ra ẹja. Má bínú. Ẹ̀yìn tírélà sìmẹ́ńtì la wà kọjá Ọbájánà, ìgbà tí mo fi máa dé, ìpéǹpéjú mi ti funfun bíi ti ìyá àgbà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé ibẹ̀ dára, kó o má baà rò pé ìlara ló ń bá mi sọ̀rọ̀. O rántí ilé páànù gbọọrọ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, tí wọ́n máa ń lé wa níbẹ̀ nígbà tá a wà lọ́dọ̀ Àǹtí? Òun náà ni! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè ṣì dúró síbẹ̀, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, àwọn ọmọge wá ń ya fọ́tò lábẹ́ ẹ̀. Pákó ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi kan tábìlì tí mo ti jẹun. Ihò ìṣó ṣì wà lára ẹ̀, mò ń ki ìka bọ̀ ọ́ títí mo fi jẹun tán. Yàrá mẹ́jọ péré ni. Láàárọ̀, láti orí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wo Ọya àti Bẹ́núé tí wọ́n jọ ń lọ tí àwọ̀ wọn ò tíì papọ̀, àwọn apẹja sì ń ju àwọ̀n. Mi ò rántí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé tí mi ò tíì máàkì.

Lóru kejì ni yẹtí mi já bọ́, ó yí lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fa kọ́bọ́ọ̀dù náà. Fúnkẹ́, ẹni tó kun yàrá yẹn ò kun ẹ̀yìn ibẹ̀. Ìlà ẹrẹ̀ kan wà lára ògiri, ó lọ tààrà bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á. Mo dúró tì í. Èjìká mi ló dé.

Ilẹ̀ mọ́, mo bi bàbá ẹnubodè. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní, "Mọ̀mí, omi 2022 nìyẹn. Ti 2012 náà wọlé." Àwa náà ṣáà rí 2022 yẹn, nígbà tí omi bo títì Àbújá tí mọ́tò ń sùn sójú ọ̀nà. Òjò tiwa nìkan kọ́. Bí wọ́n bá ṣí omi dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù, Bẹ́núé á gbé e wá, á bá ti Ọya ní Lọ́kọ́jà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti jọ wá ilé sùn. Àwọn òyìnbó gan-an, ẹrù ni wọ́n kó sétí omi. Lugard tó gbé àsíá sókè níbẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 1900, orí òkè Patti ló kọ́ ilé ìsinmi ẹ̀ sí. Ó mọ nǹkan.

Ilẹ̀ ẹ wá ńkọ́? Ó fara ti ọgbà òtẹ́ẹ̀lì náà, ó tún rẹlẹ̀ jù ú lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni bọ̀dá ẹ ya fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sí ẹ.

Bọ̀dá ẹ ti ra jíìpù o. Mi ò sọ pé owó ẹ ló fi rà á. Mo kàn ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó o fi ìlàjì owó ránṣẹ́ náà ni jíìpù dé. Ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lu ìlù, èmi náà jó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀. Orúkọ tìẹ ò jáde. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń gbé e sí báyìí, kò sẹ́ni tó lè wọlé láì fara nù ún.

Orúnkún Màmá yín ti ń ṣe dáadáa, wọ́n ti ń dá lọ sọ́jà. Àbígbẹ̀yìn mi ti wọ yunifásítì. Iná ò sí.

Jọ̀ọ́, má tíì san ìyókù. Ní kó dúró di oṣù kẹwàá, kó lọ dúró sórí ilẹ̀ náà, kó ya fídíò ẹ̀ fún ẹ. Má sì jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́. Ìyàwó ẹ̀ ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, òun ló máa buwọ́ lùwé owó tí mo fẹ́ yá fi san owó ilé ìwé ọmọ yẹn. Mo mọ̀ pé ojo ni mí. Dákun, pa á mọ́ra.

Mi ò rí yẹtí náà o. Èyí tó o rà fún mi ni. Ẹyọ kan ló kù.

Èmi ni,
Ìyá Dára