Ìkéde: A Ń Lọ Wo Ère Nicholas Winton

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú òtútù yìí.

Ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀ kò ní wáyé ní gbọ̀ngàn. Ibùdókọ̀ ojú irin Maidenhead là ń lọ, láti wo ère Nicholas Winton. Òun ló ṣètò bí ọmọ 669, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Júù, ṣe kúrò ní Prague, olú ìlú Czechoslovakia nígbà náà, wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1939, kí ọwọ́ Hitler tó tẹ̀ wọ́n. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àfi kí wọ́n rí ẹni tó máa gba ọmọ kọ̀ọ̀kan sílé, kí wọ́n sì fi pọ́n-ùn 50 dúró fún un. Doreen Warriner àti Trevor Chadwick, tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ náà, ló wà lẹ́nu ewu ní Prague. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé tiwọn.

Ní 1988, lórí tẹlifíṣọ̀n BBC, wọ́n ní kí àwọn tí Winton gbà là dìde. Àwọn tó jókòó yí i ká ló dìde! Ó gba oyè Sir ní 2003. Ilẹ̀ Czech fi oyè Kìnnìún Funfun dá a lọ́lá ní 2014, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 105. Ó pẹ́ jù lójú tèmi, ṣùgbọ́n ó ṣojú rẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì ni ère náà jókòó sí, ó ń ka ìwé tí àwòrán àwọn ọmọ náà wà nínú rẹ̀.

Paddington la ti máa pàdé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Kì í ṣe aago mẹ́wàá ti òde àríyá o! Ẹ kó àwọn ọmọ yín dání. Akọ̀wé ló ń gba orúkọ.