Ẹ yéé dáná sun ilé agbọ́n lọ́sàn-án o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan tójú mi rí ní kọ́ńpáùn wa ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí, mi ò fẹ́ kó ṣe ọmọ ẹlòmíì.

Agbọ́n kọ́lé sábẹ́ páànù, lókè fèrèsé kíṣìnnì wa. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, kò ju èkùrọ́ kan lọ, agbọ́n kan ṣoṣo ló wà nídìí ẹ̀, mo ní màá gbọ̀n ọ́n dànù tó bá di Sátidé, mo gbàgbé. Kí n tó mọ̀, ó ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi páálí, torí igi gbígbẹ ni wọ́n máa ń fẹnu họ, wọ́n á fi itọ́ pò ó, wọ́n á fi mọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni bùrọ̀dá kan ládùúgbò ṣe so àkísà mọ́ igi, ó rẹ ẹ́ sínú kẹrosín, ó ṣáná sí i, aago mẹ́ta ọ̀sán! Igi òrùlé gbaná, omi tí mo fẹ́ fi fọṣọ la fi pa á, àwọn agbọ́n tú jáde, wọ́n sì ta ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́jọ létè àti lọ́rùn. Kò pẹ́ ètè ẹ̀ wú, ara ẹ̀ sú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, màmá kan ní ká fi epo pupa àti àlùbọ́sà pa á lára, mo ní rárá, ọ̀kadà la gùn lọ sọ́sibítù, abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un níbẹ̀ ló jẹ́ kó mí dáadáa. Dókítà ní ara àwọn kan ò gba oró agbọ́n rárá, pé tí ètè tàbí ahọ́n bá ti ń wú, tí èémí ò já gaara tàbí tí òòyì ń kọ́ èèyàn, ẹ má dúró ṣe nǹkankan nílé. Èyí tí ò le tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ gbé omi dídì lé e. Agbọ́n ò dà bí oyin tó ń fi ẹ̀gún tó fi ń tani sílẹ̀ lára èèyàn, ó lè ta yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, torí náà ẹ kọ́kọ́ sá kúrò níbẹ̀.

Tó bá ṣì kéré, igi gígùn ti tó. Tó bá ti ńlá, alẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, ìgbà tí gbogbo wọn ti wọlé, ẹ bo ara yín dáadáa, ẹ dúró jìnnà fín flit sí i, ẹ má sì gun àkàbà o.

Èyí tó wà lórí igi máńgòrò tó jìnnà sílé, ẹ fi sílẹ̀. Mo ti rí agbọ́n kan nídìí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mi tó ń fẹnu gé kòkòrò tó ń jẹ ewé náà, ó ká a róbótó, ó gbé e fò lọ. Èyí tó sì ń fi amọ̀ kọ́lé sára ògiri, òun nìkan ló ń dá gbé, kì í sábà bá èèyàn jà.

Ọmọ mi ti padà síléèwé. Àmọ́ láàárọ̀ yìí mo rí ilé tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó jó yẹn, ó tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì, mi ò ní dúró de Sátidé lọ́tẹ̀ yìí, ìrọ̀lẹ́ òní ni màá gbọ̀n ọ́n dànù.

Èmi ni, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn.